Ọjọ́ Orí Kantíkantí

Gbogbo wọn ti kú. Ìyádùnní gbé ìgò kẹta síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó mì í díẹ̀, òkú kantíkantí sì dà sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá Fádípẹ̀ ti fi bírò kọ ọjọ́ ìbí wọn sórí pílásítà tó lẹ̀ mọ́ ìgò. Ìyádùnní kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ méjìdínlógójì péré, àwọn kòkòrò tó yẹ kó lo ọgọ́rin ọjọ́ láyé.

Ọdún mẹ́rin ló ti ń sìn wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ń kọ́ni, lójú ọ̀nà Ìlá sí Òkè-Ìlá. Ẹyin tí àwọn abo bá yé nígbà èwe, á dà á nù. Èyí tí wọ́n bá yé lọ́jọ́ ogbó nìkan ló ń tọ́jú, bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa àgbàdo tí yóò gbìn. Lẹ́yìn ogún ìran, ẹ̀mí wọn ti gùn tó ìlọ́po méjì ti àwọn tó ń fò kiri ìta. Ó ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n n'Íbàdàn pé ẹ̀mí gígùn wà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ òun. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá wò ó.

"Bàbá Fádípẹ̀, níbo lẹ ti rí àwọn wọ̀nyí?"

Bàbá náà, tó ń fọ ìgò ní yàrá yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì, nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Èèrà ló wọ inú ìgò nígbà ìyanṣẹ́lódì, mà. Ẹ wà n'Íbàdàn. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Mo bá lọ kó òmíràn nídìí agbè ẹmu. Kantíkantí náà ni."

"Ẹ wá ń kọ ọjọ́ ìbí sí wọn lára, bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí wọn?"

"Mo rò pé—"

"Òpùrọ́ ni yín."

Ojú bàbá náà yí padà. "Ìyádùnní." Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti di ọ̀gá rẹ̀, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Èmi lò ń pè ní òpùrọ́? Èmi tí mo gbé bíríkì ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti sọ ẹ́ lórúkọ? Ìwọ ni ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ lórúkọ níbẹ̀. Ògiri ò tíì gbẹ."

Ohun tí yóò dun bàbá náà ni Ìyádùnní ń wá, ó sì ti rí i.

Ní aago mẹ́wàá, àwọn tó ń yẹ ìwé òṣìṣẹ́ wò dé láti Òṣogbo. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọjọ́ orí méjì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ní: ọ̀kan láti ẹnu ìyá, ọ̀kan láti ilé-ẹjọ́. Èyí tó kéré ni wọ́n ń gbé wá síbi iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kọ́láwọlé jókòó sí ọ́fíìsì Ìyádùnní, ó ṣí fáìlì Bàbá Fádípẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́.

"Ọdún 1940 ni wọ́n kọ síbí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ẹ̀yin lọ̀gá wọn, mà. Ṣé òótọ́ ni?"

"Rárá," ni Ìyádùnní wí. "Ẹ lọ wo òkúta iwájú ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa. 1949 ló wà lára rẹ̀. Bàbá ló gbé bíríkì ilé náà. Ìyàwó wọn ló ń pọn omi fún àwọn bíríkìlà. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ń fẹ́yàwó?"

Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Kọ́láwọlé fi bírò pupa fa ìlà kan. Ọdún mẹ́ta tó kù fún bàbá náà lẹ́nu iṣẹ́ lọ síbẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì ṣeé ṣe kó bá a lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fa fáìlì mìíràn yọ. "Tiyín rèé, mà. 1954." Ó gbójú sókè. "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ jọ jẹ́ ará àdúgbò kan náà, ṣé ó rí bẹ́ẹ̀?"

Ìgbà náà ni Ìyádùnní tó rántí pé ọdún tí wọ́n parí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n bí òun, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ó wo bàbá náà. Bàbá náà wò ó.

"Ọmọdé ni wọ́n," ni Bàbá Fádípẹ̀ wí. "Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ti pẹ́ kí wọ́n tó bí wọn."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

Nígbà tí Ìyádùnní padà sí yàrá ìwádìí, àwọn ìgò tí bàbá ti fọ̀ láàárọ̀ wà lójú fèrèsé, wọ́n dojú délẹ̀, wọ́n ń gbẹ. Ó ya pílásítà tuntun, ó mú bírò, ó fẹ́ kọ òótọ́ ọjọ́ orí àwọn òkú náà sára ìgò kẹta. Kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ó dé bírò, ó ká apá aṣọ sókè, ó sì ki ọwọ́ bọ inú omi ọṣẹ tí bàbá fi sílẹ̀. Ìgò mẹ́sàn-án ló ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò fọ̀ wọ́n mọ́.