Ta Ló Ń Fọ Ìyá Mi?

Ìwọ tí ò ń ka èyí, mo kìlọ̀ fún ọ o. Bí o bá ní ohun kan ṣoṣo tí kò ní èkejì láyé, má gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kí o tó wo ọwọ́ ẹni náà dáadáa. Ọwọ́ ni mo ní kí o wò, n kò ní ẹnu. Ẹnu kì í rán ohun tó ya.

Ọwọ́ ni obìnrin alágbàfọ̀ kan ń wò láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé yunifásítì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, nítorí bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wo ọ̀tún, á wo òsì, kí ọ̀rọ̀ tó yọ orí jáde bí ahun. Kò kàwé lọ títí. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́bàá títì ló rí, ó sì fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ títí ó fi yé e: ilé ìkàwé ń pe gbogbo ará ìlú, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní ìwé tàbí àwòrán tó ti ń gbó, kó gbé e wá, wọn á fi bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe hàn án. Tó bá yá, wọn á ṣe ìpàtẹ, kí tọmọdé tàgbà wá wò.

Bébà kan ló gbé wá, láàárín páálí méjì. Àwòrán ìyá rẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló fi pẹ́ńsù tó fi ń sàmì sí pákó yà á, nígbà tí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣì kéré. Bàbá ti lọ, ìyá ti lọ, ìyá kò sì ya fọ́tò rí. Bí bébà yìí bá lọ, ojú ìyá lọ nìyẹn. Ó sì ti ń lọ. Ó ti pọ́n, etí rẹ̀ ń rún bí ewé gbígbẹ.

Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti yọ ọ́. Onígbàjámọ̀ ni ẹ̀gbọ́n yìí. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn oníbàárà sọ ọ́, torí bó bá ti so aṣọ mọ́ ọ lọ́rùn báyìí, tìrẹ ni kí o máa gbọ́. Ìtàn tó sì fẹ́ràn jù ni ti àwòrán náà. Ìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ìyá tó fa ètè wálẹ̀. Á na abẹ sí i, á ní, "Ṣé ẹ rí bó ṣe fajú ro? Bàbá wa pa iṣẹ́ tì, ó ń yàwòrán! Ìyá wa wá ń sọ fún un pé àwòrán kì í kún ìkòkò!" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Irun á dúró dè é.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò sọ fún un kó tó yọ àwòrán. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ, ẹ̀gbọ́n òun á rojọ́ títí bébà á fi rún tán.

Obìnrin kan tó jẹ́ pé títún ìwé ṣe niṣẹ́ rẹ̀ nílé ìkàwé ló ń darí ètò náà. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó kéré sí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ orí, kì í pariwo, èékánná rẹ̀ wà ní gígé mọ́ ẹran. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ gbá eruku kúrò lára ìyá, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ń sùn. Ó kán ẹ̀kán omi kan ṣoṣo sí igun bébà, ó dúró, ó fi bébà funfun tẹ̀ ẹ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí dúdú kankan lára bébà funfun náà.

"Pẹ́ńsù yìí ò ní ṣí," ló wí. "A lè fọ̀ ọ́."

"Fọ... fọ kí ni?"

"Bébà yẹn, mà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ wà nínú rẹ̀. Omi ló lè yọ ọ́."

Ta ló fẹ́ sọ fún alágbàfọ̀ nípa omi àti bébà? Ṣé bébà tí àwọn oníṣẹ́ ìjọba ń gbàgbé sápò ṣòkòtò ni, tó ń bá nínú bàsíà bí òwú tó rà? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Tíṣà, ẹ dákun... omi..."

Tíṣà kò kán an lójú. "Bí ẹ ò bá ní kí n fọ̀ ọ́, mi ò ní fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀, á máa rún lọ ni."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò wo ẹnu tó sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ló wò. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n, kò sì kánjú. Ó kàn ń dúró dè é.

"Ẹ... ẹ fọ̀ ọ́."

Tíṣà tẹ́ bébà sórí aṣọ tó rí bíi nẹ́ẹ̀tì, ó di etí aṣọ náà mú, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú àwo omi pẹrẹsẹ kan bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun. Àwọn tó wà níbẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó pẹ́ díẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ na ọrùn. Ó mọ irú omi yẹn. Omi àkọ́fọ̀ aṣọ funfun tó ti jìyà ni.

"Ó ń jáde!" ló wí, ara rẹ̀ sì yá.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà.

"Ta ló ń fọ ìyá mi?"

Asọ̀rọ̀mágbèsì ló dé, pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù lọ́rùn, tí irun onírun kún apá rẹ̀. "Oníbàárà mi ló ní òun rí ọ tí o gbé páálí wọ ibí! Mo fi irun apá kan sílẹ̀ lórí èèyàn nítorí rẹ! O fọ aṣọ àdúgbò tán, ó wá kan ìyá wa? Ṣé o fẹ́ sá a sórí okùn ni?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sínú omi.

"Ẹ má gbé e, sà!" ni Tíṣà wí. "Bó ṣe tutù yìí, á ya sí méjì lọ́wọ́ yín!"

Ṣé Asọ̀rọ̀mágbèsì máa ń gbọ́ tẹlòmíràn? Ìka rẹ̀ ti kan omi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró!"

Kò wọ̀tún, kò wòsì. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ẹ̀rù sì tún bà á. Ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. "Ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Ẹ wo ti Tíṣà ná."

Ó wò ó. Tíṣà ti ń gbé ìyá sínú omi mìíràn tó mọ́ gaara. Níbẹ̀ ni ìlà ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá.

"Ó ń pa á rẹ́! Ó ń pa á rẹ́!"

"Pẹ́ńsù kọ́ nìyẹn, sà. Àbàwọ́n ni. Omi kan ló ti kán sí i nígbà kan, tó gbẹ síbẹ̀."

Bí ìlà náà ṣe ń lọ ni ẹnu ìyá ń yí padà. Ètè tí wọ́n ní ó wálẹ̀ kò wálẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ. Ẹni tí wọ́n ní kó má mira ni, tí ẹ̀rín sì ti kún un lẹ́nu débi tó fẹ́ bú jáde, tó tẹjú mọ́ ẹni tó di pẹ́ńsù mú.

"Kò fajú ro," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí jẹ́ẹ́. "Bàbá wa ló ń pa á lẹ́rìn-ín."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ épúrọ́ọ̀nù, ó ká a mọ́wọ́.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, ìyá wà lẹ́yìn gíláàsì, iná rọra ń tàn sí i. Èrò yí i ká. Àwọn tó ń kọjá lọ ń padà sẹ́yìn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò wo àwòrán tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Tíṣà ló ń wò, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀gá ilé ìkàwé fa makirofóònù lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ pé kó sọ ìtàn àwòrán náà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wá ń fi ìgúnpá gún ara wọn: "Ó ti bọ́ sí i lọ́wọ́! Ká tètè wá ìjókòó o, ibí la máa sùn!"

Asọ̀rọ̀mágbèsì wúkọ́. Ó wo ìyá. Ìyá kò wò ó, ẹni tó ń yà á ló ń wò.

"Ìyá wa nìyí," ló wí.

Wọ́n dúró dè é.

"Ti ìkòkò ńkọ́?" ni ẹnìkan kígbe. "Sọ ti ìkòkò!"

Ó mi orí, ó dá makirofóònù padà fún ọ̀gá.

"Ẹ wò ó fúnra yín. Èmi ò sọ nǹkan kan mọ́."