Ọkọ̀ Tó Ń Mu Omi

Kò sí ọkọ̀ onípákó tuntun tí kì í mu omi lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e sórí odò. Pákó á mu, á wú, ojú rẹ̀ á sì pa dé. Ìyàwó káfíńtà mọ èyí bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n bó ṣe dúró létí omi, tó ń wo bí omi ṣe ń gun ìjókòó inú ọkọ̀, àyà rẹ̀ ń já. Eléyìí kì í ṣe mímu mọ́, ó ti di àmupara.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ṣeé sọ lójú oníbàárà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Bó bá na òòlù, àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń gbà á. Ìyàwó ló kan ọkọ̀ yìí látòkè délẹ̀, òun náà ló fi òwú àti ọ̀dà dí gbogbo ojú pákó. Àmọ́ ta ló máa gbéṣẹ́ fún wọn tó bá gbọ́? Nítorí náà, bí oníbàárà bá ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán, òòlù á bọ́ sọ́wọ́ ọkọ, ìgbálẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ ju ti ilé ìwòsàn lọ!

Ìgbálẹ̀ yìí gan-an ló kó bá a. Ó ń dí ojú pákó kan nísàlẹ̀ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tí apẹja tó ni iṣẹ́ já wọlé lójijì. Ìyàwó ju òwú sílẹ̀, ó gbá ìgbálẹ̀ mú. Ṣé ó padà síbẹ̀ nígbà tí apẹja lọ? Ó ronú títí, kò rántí.

“Káfíńtà, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?” Apẹja ti gbaná jẹ létí omi. “Inú eléyìí lẹ ní kémi àtọmọ mi wọ̀ lọ sójú agbami?”

Ìyàwó ò lè pa á mọ́ra mọ́. Orúkọ ọkọ òun kò gbọdọ̀ bà jẹ́ nítorí òun. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, kì í ṣe àwọn ló kàn án. Èmi ni mo—”

“Èmi ni mo kàn án,” ọkọ rẹ̀ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. “Bó bá rì, èmi ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ jẹ́ kó mu yó ná.”

Apẹja káwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. Ìyàwó bọ́ sínú ọkọ̀, ó ń fi abọ́ gbọ́n omi. Bó ṣe ń gbọ́n ọn ló ń wọlé. Ẹ̀rù bà á débi pé ó ń bá pákó sọ̀rọ̀: “Jọ̀ọ́, wú. Má dójú tì mí.” Apá ń ro ó, kò dúró. Nígbà tó yá, omi fà díẹ̀. Ó fi ìka wá ojú pákó ìsàlẹ̀ yẹn. Òwú wà níbẹ̀, ó le gbagidi. Ó tún gbọ́n, ó gbọ́n, títí abọ́ fi ń ha pákó lásán. Ó dúró, ó ń wò ó. Omi kò wọlé mọ́. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó bú sẹ́kún.

Apẹja rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí káfíńtà. “Káfíńtà, ọwọ́ yín ṣì dá ṣáká!”

Káfíńtà kò gba ọwọ́ náà. Òòlù tó dì mú láti àárọ̀ ló nà sí ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀.

“Ìyá àwọn ọmọ ló kàn án,” ó ní.

Ó wá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.