Òǹtẹ̀ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ìdí bíréèkì bàálù ni mo ti ń jẹun láti ọdún mẹ́tàlélógún. Níbi iṣẹ́ wa, Ọ̀gá Bíréèkì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ mi, n ò ní parọ́. Àwa mẹkáníìkì kì í kọ orúkọ wa sínú ìwé àtúnṣe bàálù. Nọ́ńbà la ní, wọ́n fín in sára òǹtẹ̀ kékeré kan tí oníkálukú ń mú kiri nínú àpò. Tèmi ni mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Èmi náà ni mo mú àbúrò mi obìnrin mọ ọkọ rẹ̀. Páílọ́ọ̀tì ni, èèyàn jẹ́jẹ́, tó máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kódà tí wọ́n bá ní kó má bọ́ ọ. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó mú bàálù balẹ̀ nínú òjò, bàálù kò dúró, ó sáré kọjá ibi tí ọ̀nà rẹ̀ parí sí, ó sì forí sọ kòtò. Èèyàn mẹ́rin kú. Òun wà lára wọn.

Ilé-iṣẹ́ wa kọ̀wé sí àbúrò mi pé ọkọ rẹ̀ ló pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì. Àṣìṣe awakọ̀, ó parí. Ẹbí àwọn èrò tó kú náà gbà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn pòṣé sí àbúrò mi ní báńkì lójú gbogbo ayé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò fẹ́ kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sára ìwé iléèwé mọ́. Èyí ló dun àbúrò mi jù. Ló bá gba lọ́yà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó so awò ojú kọ́ ọrùn bí ẹni so kọ́kọ́rọ́.

"Ọdún méjì péré ni òfin fún wa láti pẹjọ́," ni lọ́yà wí. "Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa pé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àmọ́ tá a bá máa sọ pé ọkọ yín kọ́ ló jẹ̀bi, ẹ̀rí dà?"

Èmi náà jókòó síbẹ̀, mò ń mirí bí alángbá.

Ọ́fíìsì tó ń wádìí jàǹbá bàálù ti fún wọn ní ẹ̀dà ìwé àtúnṣe bàálù náà. Lọ́yà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan kan dì mú. Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi ṣe kó o wá sílé mi lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìjẹun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Lọ́yà ní gbogbo àléébù tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni wọ́n tún ṣe kí ọjọ́ mẹ́wàá tó kọjá, bí òfin ṣe sọ."

Mo wo ojú ìwé kìíní. N ò nílò láti wo ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àwọn àléébù kan wà tí òfin gbà kí bàálù ṣì máa fi fò fún ọjọ́ mẹ́wàá. Tó bá ti pé, kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí bàálù má fò mọ́. Bíréèkì òsì bàálù yẹn kò mú dáadáa, èyí tá a máa fi pààrọ̀ rẹ̀ kò sì tíì dé. Tó bá di ọjọ́ kẹwàá, a ó kọ ọ́ pé a ti tún un ṣe. Tílẹ̀ bá mọ́, a ó kọ àléébù kan náà bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ mẹ́wàá mìíràn. Bíbọ́jú là ń pè é. "Ṣé ẹ ti bọ́jú fún bíréèkì yẹn?" "A ti bọ́jú fún un." A ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la bọ́jú fún un, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ló pàṣẹ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀gá àgbà ni àna mi ń wò láàárọ̀ ọjọ́ jàǹbá náà. Ó ṣí ìwé, ó rí òǹtẹ̀ mi, ó ní, "Ṣebí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wa ló wà níbí? Ọkàn mi ti balẹ̀." Mo ní kó lọ ire, kó bọ̀ ire.

"Kí lẹ rí?" àbúrò mi bi mí.

Mo ro ìfẹ̀yìntì mi tó ku oṣù mẹ́rin. Mo ro ẹ̀wọ̀n. Mo ro ó pé tí mo bá ní n ò rí nǹkan kan, Ọjọ́ Ajé á kọjá, a ó sì máa kí ara wa lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn jìnnà, orí tábìlì ìjẹun mi ni ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

"Wo déètì yìí," mo ní. "Ọjọ́ kẹwàá, wọ́n ní wọ́n ti tún un ṣe. Ilẹ̀ mọ́, ó tún bàjẹ́. Wo ìsàlẹ̀. Ṣí ojú ìwé kejì. Bíréèkì kan náà ni. Ẹnikẹ́ni ò tún nǹkan kan ṣe. Ọkọ ẹ tẹ bíréèkì lásìkò. Bíréèkì ni ò mú."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo sọ! Ṣebí mo sọ fún wọn! Ta wá ni ìkà tó ń jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yìí? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Mo tọwọ́ bọ àpò, mo yọ òǹtẹ̀ mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí àpòòwé tó fi kó àwọn ìwé náà wá.

Ó wo àpòòwé, ó wo ìwé, ó tún wo àpòòwé. Kò pariwo. Ǹ bá fẹ́ kó pariwo. Ó kó ìwé rẹ̀ jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó to etí wọn dọ́gba.

"Ṣé ẹ máa sọ ọ́ níwájú adájọ́?"

"Màá sọ ọ́."

"Agogo mẹ́sàn-án lọ́la, lọ́fíìsì lọ́yà."

Lọ́jọ́ kejì, lọ́yà kìlọ̀ fún mi pé wọ́n á gba ìwé-àṣẹ iṣẹ́ mi, wọ́n sì lè tì mí mọ́lé. Mo ní mo mọ̀. Akọ̀wé rẹ̀ wá ń kọ fọ́ọ̀mù: ọjọ́ orí mi, iṣẹ́ mi, iye ọdún tí mo ti ṣe é.

"Báwo lẹ ṣe jẹ́ sí olùpẹjọ́?"

Mo la ẹnu láti ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Àbúrò mi gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Ẹlẹ́rìí mi ni," ó ní.

Akọ̀wé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó yí fọ́ọ̀mù sọ́dọ̀ mi. Mo ti ń tọwọ́ bọ àpò nígbà tó ní rárá, kì í ṣe òǹtẹ̀, kí n kọ orúkọ mi. Mo kọ ọ́ lódindi, ìgbà àkọ́kọ́ rèé lórí ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn.