Adìyẹ Inú Fíìmù

"Mọ́mì, ẹ má dán an wò! Ẹ yọwọ́ lẹ́nu ẹ̀!"

Kí Màmá Dóyin tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Dóyin ti já ọmọ jòjòló gbà lórí itan rẹ̀. Ife omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì. Àdúràgbèmí, ọmọ oṣù mẹ́ta, figbe ta. Màmá jókòó síbẹ̀ lórí àga kékeré, àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ ṣì ká kòtò bíi ṣíbí.

"Òsúkè ló ń ṣe é," ni màmá wí. "Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ni mo ní kí n fi tọ́ ọ lẹ́nu. Kí ló dé tó o fi ń pariwo mọ́ mi bí ẹni tó rí gbọ́mọgbọ́mọ?"

"Ẹ fẹ́ rọ ọ́, Mọ́mì. Òkè ni mo wà, mo rí yín lórí camera."

"Camera? Ẹ gbé camera tì mí?"

"Ọmọ la gbé e tì."

Kò sí abiyamọ àtijọ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ. Wọn a tẹ́ ọmọ sórí itan, wọn a fi àtẹ́lẹwọ́ gba ẹnu rẹ̀, wọn a da àgbo tàbí ẹ̀kọ sí i. Bí ọmọ bá kọ̀, wọn a fi ìka dí i nímú kó lè gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ Màmá Dóyin fúnra rẹ̀ ní Iléṣà, bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe rọ Dóyin, tí Dóyin fi dàgbà, tó di ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun lókè òkun.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá omi àti òsúkè. Ọjọ́ Monday tó ń bọ̀ ni Dóyin yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni, wọn kì í fún wọn ní ìsinmi ọlọ́mọ gígùn. Daycare, ilé ìtọ́jú ọmọdé, tó wà ládùúgbò wọn, McKenzie Towne, sọ pé kò sáyè títí di September. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba físà fún màmá, tó fi kúrò nínú ooru bọ́ sínú snow. Bí Dóyin kò bá lè fi ọmọ sílẹ̀ fún un, kí ló wá ń ṣe ní Calgary? Wọn yóò dá a padà ni. Kí ni yóò sì sọ fún àwọn ará ilé? Pé ọmọ òun kò lè fọmọ ti òun?

Ọlábánjọ, ọkọ Dóyin, ti ìta wọlé, ṣọ́bìrì tó fi ń kó snow ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Mo gbọ́ ohùn yín láti ìta."

"Bàbá Gbèmí, ẹ bá mi bi ìyàwó yín. Ó ní mo fẹ́ pa ọmọ."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ?"

Dóyin gbá ọmọ mọ́ àyà. 

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà yẹn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa. Obìnrin kan jókòó lórí àpótí, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ń rọ ọ́ látinú abọ́ pupa. Ọmọ ń japá, ó ń jasẹ̀. Adìyẹ kan gba iwájú wọn kọjá, àkísà aláwọ̀ ewé wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ ò jasẹ̀ mọ́. Obìnrin yẹn wá pariwo." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Mọ́mì. Ṣeunfúnmi sì ni ọmọ yẹn."

Ọlábánjọ rọra gbé ṣọ́bìrì ti ògiri. Ó mọ̀ pé ìyàwó òun ní àbúrò kan tó kú lọ́mọ oṣù márùn-ún, ṣùgbọ́n kò gbọ́ orúkọ ọmọ náà rí. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti pè é kẹ́yìn.

Màmá lu àyà. "Háà! Dóyin! Fíìmù lò ń sọ yẹn!"

"Fíìmù kẹ̀?"

"Fíìmù tá a wò ní pálọ̀ Màmá Abdulwasiu! Àwọn nìkan ló ní fídíò ládùúgbò wa nígbà yẹn. Ẹ̀yin ọmọdé jókòó sílẹ̀, àwa wà lórí àga. Adìyẹ yẹn gan-an, mo ṣì ń rí i, bó ṣe ń tiro kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n. Bàbá ẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ṣé kò sọ fún ẹ pé fíìmù ni?"

"Ó sọ ọ́. Mo sì gbà á gbọ́, títí mo fi bí Gbèmí."

"Òtútù àyà ló pa àbúrò ẹ. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀."

Màmá ò parọ́ o. Bó ṣe wà lọ́kàn rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe sọ ọ́. Bí ẹ bá ní kó fi Bíbélì búra, yóò búra.

"Kí lorúkọ fíìmù náà, mà?" ni Ọlábánjọ béèrè.

"Èmi tí mi ò kàwé, ta ló máa ka orúkọ ẹ̀ fún mi? Ọkùnrin kan ló fi ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀ lọ sílùú òyìnbó, ó gbàgbé ilé. Ọmọ wá ṣàìsàn."

"Mọ́mì, fíìmù ìgbà yẹn mélòó ni ò rí bẹ́ẹ̀?"

"Ọkùnrin náà kì í bọ́ awò dúdú lójú, kódà tó bá ń sùn. Ìyàwó ní tàdáwà ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ẹ wá a, Bàbá Gbèmí. Ẹ bá mi wá a, ẹ jọ̀ọ́."

Fíìmù àtijọ́ wo làwọn èèyàn ò tíì jù sórí YouTube? Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, Ọlábánjọ ti rí i. Àwòrán rẹ̀ ti ṣú, ohùn rẹ̀ ń ha, ṣùgbọ́n tàdáwà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ìyàwó lóòótọ́. Màmá pàtẹ́wọ́.

"Òun nìyí! Ẹ jókòó, ẹ wò ó. Lónìí ni Dóyin máa bẹ̀ mí."

Wọ́n jókòó sí pálọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Gbèmí ń sùn láyà ìyá rẹ̀. Nígbà tó kan ibi tí ọkọ ti dé ìlú òyìnbó, ó wọ kóòtù tó nípọn, ó fi fìlà onírun dé orí dé etí, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀ bí omi òjò. Igi máńgòrò dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ wo òtútù!" ni Ọlábánjọ wí. "Kó wá bá mi kó snow láàárọ̀ òní."

Màmá rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú. Dóyin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àfi bí ẹni pé nǹkan fẹ́ dára.

"Ó ti kù díẹ̀," ni màmá ń wí. "Ẹ ṣọ́ ọ. Ẹ̀yìnkùlé ló ti máa ṣẹlẹ̀."

Ọmọ inú fíìmù ṣàìsàn. Inú yàrá ni ìyá rẹ̀ gbé e sí, lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ṣíbí fún un lóògùn. Ọmọ mu ún. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ara rẹ̀ yá. Ọmọ náà dàgbà, ó di lọ́yà, òun ló wá rán bàbá rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n. Kò sí àpótí. Kò sí abọ́ pupa. Adìyẹ kankan ò kọjá.

"Wọ́n ti gé e," ni màmá wí.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà," ni Ọlábánjọ wí, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

"Wọ́n gé e ni. Ẹ padà sẹ́yìn."

Ó padà sẹ́yìn. Wọ́n tún un wò. Yàrá yẹn náà ni, ṣíbí yẹn náà ni. Kò síbi tí wọ́n ti gé nǹkan kan.  Màmá tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí Ọlábánjọ ti pa, ó ń wá adìyẹ náà nínú òkùnkùn rẹ̀. Ó rí i. Ó ń tiro bọ̀. Ó rí àkísà aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì rí ọwọ́ tó so ó.

"Yúnífọ́ọ̀mù ẹ ni," ni màmá wí, jẹ́jẹ́.

"Mọ́mì?"

"Àkísà yẹn. Yúnífọ́ọ̀mù ẹ tó ya ni mo gé. Adìyẹ àwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́ ń dà pọ̀ mọ́ tèmi, mo wá so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí n lè dá a mọ̀. Adìyẹ mi ni." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí àga mú. "Adìyẹ mi ni, Dóyin. Kò wọ inú fíìmù rí."

Màmá yíjú sí Dóyin.

"Ṣeun ń wúkọ́. Bàbá ẹ ti lọ síbi iṣẹ́. Mo se àgbo, kò mu ún, ó ń yí orí kiri. Mo dí i nímú. Ó pá a lórí. Mo gbé e sókè, mo gbá a lẹ́yìn, mo pariwo. A gbé e dé ọsibítù, wọn ò rí i dá padà. Dókítà bi mí pé kí ni mo fún un mu. Mo dákẹ́. Ó gbọ́ pé ọmọ ń wúkọ́ tẹ́lẹ̀, ó kọ òtútù àyà."

"Dádì mọ̀?"

"Ojú àwọn tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀ lo ti ń béèrè pé kí ló dé tí Mọ́mì fi dí Ṣeun nímú. Ojoojúmọ́ lò ń béèrè. Bàbá ẹ gbé ẹ sórí ẹsẹ̀, ó ní fíìmù lo wò, ó ti dà pọ̀ mọ́ ẹ lójú. Kò bi mí léèrè títí ó fi kú. Nígbà tó yá, o ò béèrè mọ́. Nígbà tó tún yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí i nínú fíìmù. Mi ò parọ́ fún ẹ láàárọ̀ yìí. Mo rí i níbẹ̀."

Dóyin dìde. Omi ti kún ojú rẹ̀. "Gbogbo ìgbà tá à ń wò ó, mò ń gbàdúrà pé kó wà níbẹ̀," ló wí. "Kí ẹ lè borí mi." Ó gbé ọmọ, ó gòkè lọ, ilẹ̀kùn yàrá sì pa dé.

Ọlábánjọ bu omi wá fún màmá. Kò mu ún.

"Bàbá Gbèmí, ẹ bá mi wo ọjọ́ tí bàálù wà."

"Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀ ná."

"Ara mi balẹ̀. Ìyá ọmọ ò lè wà níbi iṣẹ́ kó máa fi ojú kan wo camera, kó fi ọ̀kan wo iṣẹ́. Ẹ wá ẹlòmíràn. Kẹ́ ẹ ṣáà má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni rọ ọmọ náà."

Ọlábánjọ mú fóònù, ṣùgbọ́n kò tẹ nǹkan kan. Ó tó wákàtí kan tí wọ́n fi jókòó bẹ́ẹ̀, tí snow ń bọ́ sórí ibi tó ti kó tán láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ Dóyin lórí àtẹ̀gùn. Gbèmí wà láyà rẹ̀.

"Bàálù wo lẹ ní kó wò? Mo gbọ́ yín."

"Kí n máa lọ sílé ni."

"Tẹ́ ẹ bá lọ, ta ni màá bi nípa Ṣeun?" Ojú Dóyin ti wú. "Mi ò rántí ojú ẹ̀, Mọ́mì. Ọwọ́ yín nìkan ni mo rántí."

Màmá gbé orí sókè. "Ó jọ ẹ́ níwájú orí. Tó bá rí ẹ tó o ti iléèwé dé, a máa fi gbogbo ara rẹ́rìn-ín." Ó nu ojú. "Ìwọ nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín sí bẹ́ẹ̀."

Dóyin nu imú sí ẹ̀yìn ọwọ́. "Mo máa bẹ ọ̀gá mi kó fún mi lọ́sẹ̀ méjì sí i. Kíláàsì kan wà ní Okotoks, ìlú kan nítòsí ibí, ní Saturday. Wọ́n ń kọ́ àwọn òbí ní ohun tí wọ́n máa ṣe tí nǹkan bá pá ọmọ lórí. Mo ti kọ orúkọ wa sílẹ̀, èmi àti ẹ̀yin."

"Òyìnbó ni wọ́n máa sọ."

"Màá máa túmọ̀ ẹ̀ fún yín. Wọ́n lè béèrè bóyá ẹnì kan nínú wa ti rí irú ẹ̀ rí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ lè dákẹ́."

Màmá ronú sí i. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó pa á dé, ó tún ṣí i.

"Mo ti dákẹ́ fún dókítà," ló wí. "Bí wọ́n bá béèrè, màá sọ ọ́. Ìwọ náà, tó o bá ń túmọ̀ ẹ̀ fún wọn, má yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀. Dárúkọ Ṣeunfúnmi fún wọn pẹ̀lú."

Dóyin fi orí dá a lóhùn pé òun gbọ́. Kò gbé ọmọ fún un. Ṣùgbọ́n ó wá jókòó tì í lórí àga gígùn, débi tí èjìká wọn fi kan ara wọn.