Yìnyín Inú Omi Ọsàn

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ta ohun mímu ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí yìnyín, kó yáa wábi jókòó sí. Inú omi lásán ni yìnyín ti ń tètè yọ́. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ohun mímu, á pẹ́ kó tó yọ́ tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bu omi ọsàn tó dùn gan-an fún ìyá mi, mo bu omi lásán fún ara mi, mo sì ju yìnyín mẹ́ta-mẹ́ta sí ife méjèèjì. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí n lọ sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó ti lé lọ́dún kan tí ìyá mi ti ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n ti jáde lọ lẹ́ẹ̀kan rí, lọ́jọ́ Àìkú kan tí títì dá. Iwájú ilé ìwé tí mo lọ ní kékeré, lódìkejì títì márosẹ̀, ni ọlọ́pàá ti rí wọn.

Aládùúgbò wa bá mi lẹ́bàá okùn aṣọ, a bẹ̀rẹ̀ òfófó. Nígbà tí mo wọlé, àga ìyá mi ti ṣófo, ilẹ̀kùn iwájú sì ṣí sílẹ̀. Mo kígbe pe ọkọ mi.

Ọkọ mi jáde láti yàrá, oorun ṣì wà lójú ẹ̀. Ó wo ife ìyá mi.

"Fọkàn balẹ̀. Yìnyín ṣì wà níbẹ̀, Màmá ò tíì jìnnà. Ilé kejì ni wọ́n máa wà."

Ó bọ́ síta, ó ń pè wọ́n kiri ojúlé.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo wo ife tèmi: yìnyín ti tán nínú ẹ̀, omi náà ò tutù mọ́. Èyí tó kù nínú omi ọsàn ò ju èékánná lọ. Mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi sọ̀rọ̀, àṣé ó ti lé ní ọgbọ̀n. Ìyá mi tí kì í fi ohun dídùn sílẹ̀ ò sì fẹnu kan ife náà. Wọ́n ti lọ láti ìgbà tí mo ti kẹ̀yìn sí wọn. Ẹ̀kán omi ọsàn tó wà lórí tábìlì ti gbẹ.

Mo sáré lọ síhà títì márosẹ̀ láìwọ bàtà. Mò ń bẹ Ọlọ́run, mò ń bú ara mi.

Etí títì ni mo ti rí wọn, ẹsẹ̀ kan ti wà lórí ọ̀dà, wọ́n di ọwọ́ ọ̀tún mọ́ àyà. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá, aṣọ wọn fẹ́ sókè. Mi ò pè wọ́n, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ bẹ́ sójú títì. Mo yọ́ rìn dé ẹ̀yìn wọn, mo gbá wọn mú níbàdí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n ti ń jáde ní ilé ìwé. Ọmọ mi fẹ́ràn yìnyín, mo mú un dání fún un."

Wọ́n la ọwọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n wò ó títí, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú wọn.

"Mo ti pẹ́ jù," ni wọ́n wí.

Mo tẹ̀ ba, mo lá àtẹ́lẹwọ́ wọn bí ọmọ ọdún mẹ́fà.

"Ó ṣì dùn, Màmá," ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò kúrò níbàdí wọn.