Igi Tó Ń Ti Ìdérí

Igi náà yọ, ìdérí irin gbígbóná sì já lé Tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Kí Ìyá Ìbejì tó sáré dé ìdí ẹ̀rọ ìlọṣọ, awọ ọwọ́ ọmọbìnrin náà ti bó. Ìyá Ìbejì ki ọwọ́ náà bọ inú ike omi tútù, ó dì í mú síbẹ̀. Inú ń bí i.

Ó ti pẹ́ tí ìdérí ẹ̀rọ yẹn kì í dá dúró sókè mọ́. Igi ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń tì í nínú ilé ìfọṣọ tí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá fẹjọ́ sùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mánéjà: ẹ máa mánéèjì ẹ̀. Òrùlé ń jò, mánéèjì. Wọ́n dá ẹnì kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó kù á mánéèjì. Àmọ́ nígbà tí fáànù ọ́fíìsì tirẹ̀ kọ̀ tí ò yí mọ́, ilẹ̀ ọjọ́ náà ò ṣú kí wọ́n tó gbé tuntun dé.

Mánéjà yọjú. Ó wo ọwọ́ náà fìrí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mú igi nílẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìyá Ìbejì, ẹ bá wa parí aṣọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn, wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Ẹ ṣì máa mánéèjì ẹ̀ ná."

Ìyá Ìbejì fa wáyà ẹ̀rọ náà yọ lára ògiri.

"Ẹ̀yin náà ẹ wá mánéèjì ẹ̀, ọ̀gá. Ẹ wá ki ọwọ́ yín bọ̀ ọ́."

"Ṣé iṣẹ́ ti sú yín ni? Àwọn tó ń wá irú ẹ̀ pọ̀ níta o."

"Kí wọ́n máa bọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni màá ti fi igi yẹn hàn wọ́n."

Tẹ́ẹ́rẹ́ fi ọwọ́ tó dáa fà á láṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Màá mánéèjì ẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú kọ́ mi, níjọ́ tí mo kọ́kọ́ débí."

Ìyá Ìbejì rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ọmọbìnrin náà béèrè bóyá igi ò ní yọ, òun sì fi í rẹ́rìn-ín, ó ní kò lè yọ láé, kó máa mánéèjì ẹ̀, ó ki igi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbí, òun gan-an ló gbé ọmọ náà pọ̀n tí orí rẹ̀ fi wọ́.

Ó gba igi náà lọ́wọ́ mánéjà, ó fi orúnkún dá a sí méjì, ó sì lọ jókòó ti Tẹ́ẹ́rẹ́.

"Irọ́ ni mo pa fún ẹ níjọ́ yẹn," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.