Bàálù Tó Ń Yà Lọ́nà

Láti àná ni Fúnṣọ́ ti ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mosúnmọ́lá, láti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń tẹnu mọ́: kó wọ bàálù tó ń fò tààrà láti Washington sí Èkó, kó má yà síbì kankan. Rọpárọsẹ̀ ti kọ lu ìyá wọn, wọ́n wà ní ọsibítù, wọ́n sì ń béèrè àkọ́bí wọn ṣáá.

Ẹni tó bá ń wá wèrè, kó jókòó sínú mọ́tò kó máa ṣírò ọ̀nà ilé. Mosúnmọ́lá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, kò wọlé, ó kàn páàkì síwájú ilé ìtajà kan ní Lanham, lẹ́bàá Washington, ó tẹjú mọ́ fóònù. Àga kan ṣoṣo ló kù nínú bàálù tààrà náà. Yóò gbéra ní ìrọ̀lẹ́, yóò sì dé Èkó lọ́la, nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá. Bí ọ̀nà Ìbàdàn bá dán, màmá á ṣì lajú rí i. Ohun tó fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Bàálù kejì máa ń ya London, ó sì máa ń sun ibẹ̀ mọ́jú. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń sọ fún màmá pé Kérésìmesì tó ń bọ̀ lòun ń wálé. Kò sunkún. Gbogbo ara rẹ̀ kú bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀.

Fóònù dún, Fúnṣọ́ ni. Ó béèrè bóyá ó ti jẹun. Ó béèrè Aaron, ọmọ Mosúnmọ́lá, bẹ́ẹ̀ kì í béèrè Aaron. Mosúnmọ́lá ní òun ti fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tààrà náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí dírẹ́ẹ̀tì yẹn máa lọ. Ẹ wọ èyí tó ń ya London, kẹ́ ẹ lè ráàyè sinmi.”

“Màmá ńkọ́?”

“Wọ́n ń sinmi. Ẹ ṣáà rọra máa bọ̀.”

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Nọ́ọ̀sì ni Mosúnmọ́lá, òun ló máa ń pe àwọn ẹbí aláìsàn. Bí ẹ̀mí bá ṣì wà, á ní kí wọ́n tètè máa bọ̀. Bí kò bá sí mọ́, á ní kí wọ́n rọra wakọ̀. Ó dùn ún pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì dùn ún.

Ó lè bi í. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé á ti kìlọ̀ fún Fúnṣọ́ pé a kì í túfọ̀ fún ẹni tó dá wà lókèèrè, àfi tó bá délé, téèyàn yí i ká. Bó bá bi í, àbúrò rẹ̀ yẹn nìkan ni yóò ru ẹrù náà.

“Ó dáa,” ó ní. “Mà á wọ ti London.”

Fúnṣọ́ mí kanlẹ̀. “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Mà á sọ fún màmá pé ẹ ti ń bọ̀.”

“Bá mi sọ fún wọn,” Mosúnmọ́lá wí, ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì London.